Sítíárìn píkọ́ọ̀pù ń dún kín-ín kín-ín: ṣé pọ́ọ̀ǹpù ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, píkọ́ọ̀pù ni mò ń wà, onípáwà sítíárìn tó ń lo pọ́ọ̀ǹpù àti bẹ́líìtì. Bí mo bá ń rọra yí sítíárìn láti páàkì, iwájú rẹ̀ á máa dún kín-ín, kín-ín, bí ilẹ̀kùn tí àgbékọ́ rẹ̀ ti gbẹ. Òwúrọ̀ ló máa ń pọ̀ jù. Bí òjò bá rọ̀, á rọlẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì, mo sì ti bu epo sítíárìn kún un, kò sí ìyàtọ̀. Mẹkáníìkì wá ní pọ́ọ̀ǹpù ló ti kú. Ṣé kí n ra pọ́ọ̀ǹpù?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra pọ́ọ̀ǹpù o. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ibi tí ẹ ti ní òjò máa ń mú un rọlẹ̀ ni mo dì mú. Pọ́ọ̀ǹpù kì í mọ̀ bóyá òjò rọ̀ tàbí oòrùn ràn. Inú epo ló ń gbé, ó sì dé pinpin. Ohun tí omi bá ń pa lẹ́nu mọ́ ni ohun tó gbẹ tó sì wà níta gbangba: rọ́bà tó ń ha irin, tàbí irin méjì tí gírísì àárín wọn ti tán. Omi díẹ̀ tó bá ráyè wọ àárín wọn á ṣe iṣẹ́ gírísì fúngbà díẹ̀. Bó bá gbẹ tán, ariwo á padà, irin á sì tún ti dípẹtà sí i. Nínú ohun méjì tí ẹ̀yin àti mẹkáníìkì ti fura sí, bẹ́líìtì nìkan ló máa ń gbọ́ ti omi, ẹ sì ti pààrọ̀ ìyẹn.

Ẹ tún wo irú ohùn tí ẹ ṣàpèjúwe. Pọ́ọ̀ǹpù tó ń ṣàìsàn kì í ké bí àgbékọ́ ilẹ̀kùn. Ńṣe ló máa ń kùn, hùùn, bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ, ohùn náà á sì máa ròkè bí ẹ bá ti ń tẹ tọ́tù. Bẹ́líìtì tó ń yọ̀ lórí púlì máa ń han wíìì, gbọọrọ, pàápàá bí sítíárìn bá ti yí dé òpin. Kín-ín kín-ín tó ń já lójijì bí ọwọ́ yín ti dúró, tó tún bẹ̀rẹ̀ bí ọwọ́ ti gbéra, ohùn ohun méjì tó ń fara gbo ara ni. Ẹ kò sì sọ pé sítíárìn ti le. Pọ́ọ̀ǹpù tó bá ti kú lóòótọ́, apá yín ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, kí etí tó mọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú irú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ibi tí ohùn ti ń jáde ni gbogbo ènìyàn máa ń lé kiri. Irin a máa gbé ohùn rìn. Ọ̀pá sítíárìn gùn láti abẹ́ ọkọ̀ wọ inú kábíìnì, nítorí náà ohun tó ń ké nídìí táyà ọ̀tún lè dún bí ẹni pé abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà. Ìgbà tó ń dún ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀: ṣé ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ wà lórí iná? Ṣé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa rìn? Ṣé ìwúwo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí táyà? Bí ẹ bá ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tó kù láti wò kò ní ju méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnì

Láàárọ̀, kí ẹ tó ṣáná sí ọkọ̀ rárá, nígbà tí ohun gbogbo ṣì tutù, ẹ fa bírékì ọwọ́, kí ẹ fi òkúta tàbí igi há táyà ẹ̀yìn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí sítíárìn á fi ṣí, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣáná. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì yí sítíárìn díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin àyíká kan lọ. Yóò le, nítorí páwà kò ṣiṣẹ́. Ìyẹn kò burú. Kí ẹnì kan dúró níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, kó tẹ́tí.

Bó bá dún kín-ín bí ẹ́ńjìnì ti kú yẹn, ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀ǹpù parí nìyẹn. Bẹ́líìtì kò yí, pọ́ọ̀ǹpù kò yí, kò sí bí wọn ì bá ṣe dún. Ìdánwò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ pọ́ọ̀ǹpù tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n ti tú kúrò nítorí pé kò sẹ́ni tó rántí ṣe é.

Kí ẹ tó gba ẹ̀rí yẹn wọlé, ẹ wo ilẹ̀ tí ọkọ̀ dúró lé. Táyà tó ń yí lójú kan lórí kọnkéré dídán tàbí táìlì máa ń ké fúnra rẹ̀, kín-ín bí ti bàtà rọ́bà. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sórí ilẹ̀ lásán tàbí yangí, kí ẹ tún un dán wò. Bó bá dákẹ́ níbẹ̀, táyà ni, kò sí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yín.

Ìdánwò kejì ni kí ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ gbé ṣáàsì ka sítáàndì irin méjì. Ẹ má fi jáàkì nìkan gbé ọkọ̀ kí ẹ tó tọrùn bọ abẹ́ rẹ̀. Jáàkì a máa sọ̀ láìkìlọ̀. Bí táyà méjèèjì bá ti wà lófuurufú, ẹ yí sítíárìn láti òpin kan dé ìkejì. Bó bá ṣì ń dún, ohun tí ìwúwo ọkọ̀ kò kàn ló ń dún: nǹkan inú ọ̀pá sítíárìn, rọ́bà tí ọ̀pá náà gbà kọjá lára ògiri ẹ́ńjìnì (ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti kábíìnì), tàbí táì-rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó ń ti táyà yí. Bó bá dákẹ́ lókè tó tún ń ké nílẹ̀, ohun tó ru ọkọ̀ ló ń ké. Nínú irú píkọ́ọ̀pù tí ẹ ṣàlàyé yìí, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀, oríkèé irin tó so ìdí táyà mọ́ apá irin ìsàlẹ̀ tó gbé e, ni mo máa fi orúkọ rẹ̀ ṣíwájú. Nítorí náà ẹ má bínú bí ariwo bá sọnù bí ẹ ti gbé ọkọ̀ sókè. Ẹ̀rí ni, kì í ṣe òfo.

Wíwá a pẹ̀lú ọwọ́ àti omi

Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí táyà rẹ̀, ẹ́ńjìnì ní pípa. Kí ẹnì kan máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀ nínú kábíìnì. Ẹ̀yin ẹ kúnlẹ̀ lẹ́yìn táyà iwájú, kí ẹ na ọwọ́ dé abẹ́, kí ẹ gbé ìka méjì lé ara bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀, níbi tí rọ́bà ìbora ti pàdé irin. Jọ́ìntì tó ní gírísì á yí lábẹ́ ìka yín bí ẹyin nínú ọ̀rá. Èyí tó gbẹ kì í yí bẹ́ẹ̀: yóò dúró, yóò já, yóò dúró, yóò já, wínníwínní, ẹ ó sì mọ gbígbọ̀n náà lórí ìka kí kín-ín tó dé etí yín. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún jọ́ìntì òkè, fún táì-rọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà kí ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ má ki ọwọ́ sí àárín apá irin àti ibi tí yóò wá fẹnu kò. Bí sítíárìn bá yí, ó lè gé ìka.

Bí ọwọ́ kò bá tó o, ẹ gbé ẹnu sukudíráfà gígùn lé irin náà, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ ti eegun ẹ̀yìn etí. Ohun tó ń ké á pariwo sí yín létí. Èyí tó wà nítòsí rẹ̀ á dún bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Fún rọ́bà, sukudíráfà kò dára tó. Ẹ lo ọ́ọ̀sì rọ́bà omi bíi mítà kan, ẹnu kan létí, ẹnu kejì nítòsí ibi tí ẹ fura sí.

Ẹ̀rí òjò tí ẹ mú wá ṣeé lò dáadáa. Ẹ wá ike kékeré tó ń fọ́n omi, kí ẹ fọ́n omi sí ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ yí sítíárìn nígbà mẹ́wàá, kí ẹ tẹ́tí, kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè. Bí ẹ bá fọ́n ti òkè ṣáájú, omi á ṣàn sórí ti ìsàlẹ̀, ẹ ò sì ní mọ èyí tó dákẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Ibi tí omi bá ti pa á lẹ́nu mọ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i.

Omi ni mo sọ, mi ò sọ epo. Àwọn epo inú agolo tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì tó dípẹtà, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fọ́n wọn káàkiri abẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo á sì dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ohun tó ń dún mọ́. Epo yẹn á fọ gírísì tó kù nínú jọ́ìntì dànù, á mú àwọn rọ́bà kan wú, bó bá sì ta sí díìsìkì bírékì, ẹ ti fi ariwo ṣe pàṣípààrọ̀ ewu. Bó bá padà lọ́jọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì

Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì jẹ́ orí irin róbótó tó wà nínú ife irin, gírísì láàárín, rọ́bà lóde tó ń dí erùpẹ̀ àti omi. Bí rọ́bà yẹn bá ti ya, kódà kó jẹ́ ìlà tín-ínrín, omi á wọlé, gírísì á di omi pupa tó dà bí ẹrẹ̀, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Kín-ín ni ìpele àkọ́kọ́. Ìpele kejì ni kó dún kọ́ bí ẹ bá wọ kòtò. Ìpele kẹta ni kí orí náà fò yọ nínú ife, kí táyà ya sí ẹ̀gbẹ́ lójú ọ̀nà, kí iwájú ọkọ̀ sì balẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń fojú kékeré wo kín-ín, bí kò tilẹ̀ dun ọkọ̀ ní ìrìn.

Kí ẹ tó fa gírísì sí i, ẹ wò ó bóyá ó ti jẹ. Ibi tí ẹ bá gbé jáàkì sí lábẹ́ ọkọ̀ ló ń sọ bóyá ìwò yìí á jẹ́ òótọ́. Nínú píkọ́ọ̀pù tí sípíríǹgì rẹ̀ tàbí ọ̀pá tọ́ṣọ̀n rẹ̀ (irin gígùn tó ń lọ́ dípò sípíríǹgì) ń ti apá ìsàlẹ̀, abẹ́ apá ìsàlẹ̀ náà ni kí ẹ gbé jáàkì sí, kó súnmọ́ jọ́ìntì bó ti lè ṣeé ṣe tó. Bí ẹ bá gbé e sí abẹ́ ṣáàsì, sípíríǹgì á máa fún jọ́ìntì náà mọ́lẹ̀, èyí tó ti jẹ á dà bí tuntun lójú yín. Níbi tí sípíríǹgì ti jókòó lórí apá òkè, abẹ́ ṣáàsì ni.

Bí táyà bá ti kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ẹ ki ọ̀pá irin gígùn sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ rọra gbé e sókè, kí ẹnì kejì máa fi tọ́ọ̀ṣì wo jọ́ìntì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, bíi aago 12 àti aago 6, kí ẹ mì ín. Bó bá mì, kí ẹnì kan tẹ bírékì ẹsẹ̀, kí ẹ tún mì ín: bí mímì náà bá lọ, bíárìn táyà ló ní i, bó bá ṣì wà, jọ́ìntì ni. Aago 3 àti aago 9 ni ti táì-rọ́ọ̀dù. Ìwé ìtọ́nisọ́nà ọkọ̀ yín (manual) ló ń sọ iye mílímítà tí wọ́n gbà láàyè, ó sì yàtọ̀ láti ọkọ̀ sí ọkọ̀. Àwọn jọ́ìntì kan tún ní àmì lára: ìdí nípù gírísì, ẹnu kékeré tí gírísì ń gbà wọlé, máa ń yọ síta díẹ̀, bí jọ́ìntì bá sì ti ń jẹ, á máa wọlé lọ títí yóò fi bá ara irin dọ́gba. Irú èyí, nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lórí táyà rẹ̀ ni kí ẹ wò ó. Èyí tó bá ti wọlé tán, ẹ má fi gírísì tàn án mọ́.

Bí kò bá mì rárá tí rọ́bà rẹ̀ sì ṣì pé, ẹ fa gírísì sí i. Nù orí nípù mọ́ tónítóní ṣáájú, nítorí erùpẹ̀ tó bá wà lẹ́nu rẹ̀ ni ìbọn gírísì máa kọ́kọ́ tì wọlé. Gírísì lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ NLGI 2 (ìwọ̀n bó ti ki tó) sí lára ló bá ọ̀pọ̀ jọ́ìntì mu. Bí ìwé ọkọ̀ bá dárúkọ òmíràn, ẹ tẹ̀lé ti ìwé. Ìbọn alọ́wọ́ ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí afẹ́fẹ́ ń tì, kí ẹ sì rọra tẹ̀ ẹ́, bí ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ máa wo rọ́bà: bó bá ti fẹ́ wú, ẹ dúró. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí rọ́bà fi bẹ́ ti ṣí ilẹ̀kùn fún omi, jọ́ìntì náà kò ní pẹ́. Àwọn tó ní ojú ìtújáde ni ẹ lè máa fa sí títí gírísì tuntun á fi yọ, tó sì lé ti àtijọ́ jáde.

Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fa ti ìsàlẹ̀ òsì, ẹ yí sítíárìn láti òpin dé òpin bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ẹ tẹ́tí. Bó bá ṣì ń dún, ẹ bọ́ sí òmíràn. Bí gírísì bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ gbé táyà náà kúrò nílẹ̀ kí ìfúnmọ́lẹ̀ dín, kí ẹ sì tún un dán wò. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ tú nípù náà, ẹ fi tuntun sí i. Kì í wọ́n, ó sì máa ń dí. Ariwo tó bá lọ ju oṣù mélòó kan lọ, ó ti parí. Èyí tó bá padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ojú irin inú rẹ̀ ti ha, gírísì kò sì lè dán ojú tó ti ha padà.

Ọ̀pọ̀ jọ́ìntì òde òní ni kò ní nípù. Wọ́n dì wọ́n pa. Àwọn mìíràn máa ń fi abẹ́rẹ́ gún rọ́bà rẹ̀ kí wọ́n lè fa gírísì wọlé. Mo gbà á gẹ́gẹ́ bí ìdánwò láti mọ ẹni tó ń ké, mi ò gbà á gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe. Ihò abẹ́rẹ́ yẹn á máa gba omi. Bí ẹ bá gún un tó dákẹ́, ẹ lọ wá tuntun.

Nígbà tí ẹ bá ń fi tuntun sí i, nọ́ọ̀tì tó ní ẹnu bí eyín yípo orí ni ó wọ́pọ̀, pẹ̀lú pín oníẹsẹ̀ méjì tó ń gba inú ihò kọjá. Ẹ fún nọ́ọ̀tì náà dé iye tí ìwé kọ. Bí ihò kò bá bá ẹnu nọ́ọ̀tì mu, ẹ fún un síwájú sí i títí wọn yóò fi bára mu. Ẹ má tú u sẹ́yìn láé. Pín tuntun, kì í ṣe ti àtijọ́ tí ẹ fi hámà nà tọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún aláìmẹ́ǹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà iwájú á sanwó rẹ̀.

Bí kì í bá ṣe bọ́ọ̀lù jọ́ìntì

Ohun tó ń dún nìkan nígbà tí sítíárìn bá dé òpin, tí kò sì dún láàárín, ẹ wo bóòtù tàbí ìkọ́ irin tí apá táyà máa ń gbá mọ́ kó má bàa yí kọjá ààyè. Ojú rẹ̀ á ti dán, á sì ti gbẹ. Ẹ nù ún, ẹ fi gírísì ra á. Ó tán.

Bọ́ọ̀ṣì sítàbíláísà, rọ́bà tó di ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ tòsì mú, máa ń dún kín-ín gan-an, omi sì máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n òun kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ ó gbọ́ ọ púpọ̀ jù nígbà tí ẹ bá ń gun òkìtì adínsáré (bọ́ńpù) ojú títì tàbí tí táyà kan wọ kòtò. Ẹ lè dúró níta kí ẹ fi ìwúwo ara yín ti bọ́ńpà iwájú mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin láìfọwọ́ kan sítíárìn. Bí kín-ín bá dáhùn, ẹ wo ibẹ̀. Gírísì sílíkónì ni ti rọ́bà. Ti lítíọ́ọ̀mù kì í ṣe fún un.

Bó bá jẹ́ inú kábíìnì ló ti ń dún, bóyá ẹ gbé ọkọ̀ sókè tàbí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ tẹ́tí sí ibi méjì. Nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀pá sítíárìn ti wọ ògiri ẹ́ńjìnì, rọ́bà kan wà tó máa ń gbẹ tó sì ń fún ọ̀pá náà mọ́ra. Sílíkónì díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ tó. Lókè, lẹ́yìn sítíárìn gan-an, ni clock spring wà, ìyẹn wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n ká bí ìgbín, tó ń gbé iná lọ sí fèrè àti airbag. Òun kì í ké bí ilẹ̀kùn. Ó máa ń dún bí bébà tó ń gbo bébà, fèrè lè máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, iná airbag sì lè tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò tíì ṣe é rí. Ẹni tó bá máa ṣe é gbọ́dọ̀ yọ orí bátìrì òdì, kó dúró iye ìṣẹ́jú tí ìwé ọkọ̀ sọ, kí táyà sì tọ́ síwájú. Bí wọ́n bá tú ọ̀pá sítíárìn nísàlẹ̀ tí ẹnì kan wá ń fi sítíárìn ṣeré lókè, clock spring á já.

Píkọ́ọ̀pù tó ń fi táyà iwájú náà fà, tí ọ̀pá áàsù iwájú rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan tó le, sábà máa ń ní jọ́ìntì alágbèélébùú nínú ìdí táyà kọ̀ọ̀kan. Bí èyí bá gbẹ, á máa ké bí ọmọ ẹyẹ, kùì-kùì-kùì, nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn tí sítíárìn sì yí. Kò ní dún ní ìdúró. Ti yín ń dún ní ìdúró, nítorí náà mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Fún àwọn tó ń wa akẹ́rù ńlá tí wọ́n ń ka èyí: ẹ̀yin ò ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì nídìí táyà, kíńgì-pín-ìn lẹ ní, pẹ̀lú bíárìn tó ru ìwúwo lábẹ́ rẹ̀. Kín-ín tiyín sábà máa ń wá láti ibẹ̀. Ìwé ọkọ̀ kan á ní kí ẹ fa gírísì sí i nígbà tí táyà bá wà nílẹ̀, òmíràn á ní kí ẹ gbé e sókè kí gírísì lè dé ojú bíárìn náà; ẹ wo tiyín, ẹ má gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Ìgbà tí pọ́ọ̀ǹpù tàbí bẹ́líìtì bá jẹ̀bi

Bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnì tí ariwo sì lọ pátápátá, tó sì padà bí ẹ ti ṣáná, mẹkáníìkì yín lè ní ẹjọ́ rò. Bẹ́líìtì ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Bẹ́líìtì tuntun lórí púlì tó wọ́, tàbí lábẹ́ ohun tó ń fa bẹ́líìtì le tí sípíríǹgì rẹ̀ ti rẹ̀, á ké bí ti àtijọ́. Ẹ́ńjìnì lórí iná, aṣọ àti irun jìnnà réré, ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí ojú bẹ́líìtì tó ní ìlà. Bó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀, púlì kan kò bá ìyókù dọ́gba. Bó bá tún pọ̀ sí i, bẹ́líìtì ń yọ̀: kò le tó, tàbí epo ti kàn án.

Lẹ́yìn náà ni epo. Ẹ ṣí ìdérí ìkòkò epo sítíárìn nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kí ẹnì kan yí sítíárìn. Epo tó ń hó funfun bí ọṣẹ ní afẹ́fẹ́ nínú. Láti lé e jáde, ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ẹ́ńjìnì ní pípa, kí ẹ rọra yí sítíárìn láti òpin dé òpin bí ogún ìgbà, kí ẹ máa bu epo kún un bó ti ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣáná, ẹ tún un yí nígbà mélòó kan. Ẹ má di sítíárìn mú ní òpin ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Epo inú pọ́ọ̀ǹpù á gbóná kọjá ààlà.

Ẹ ní ẹ ti bu epo kún un. Ṣé ó dín ni? Epo sítíárìn kì í jó bí epo pẹtiróòlù. Bó bá dín, ó ń jò síbì kan, ẹ wá ibẹ̀: ojú ìsopọ̀ ọ́ọ̀sì, ìdí pọ́ọ̀ǹpù, abẹ́ rọ́bà ìbora ráàkì (irin eléyín tí sítíárìn fi ń yí táyà). Ẹ tún ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ ATF (epo gíá ọtomátíìkì) sí kò gbọdọ̀ gba irú mìíràn, èyí tí wọ́n sì kọ epo tirẹ̀ sí kò gbọdọ̀ gba ATF. Bí ẹ bá ti bu èyí tí kò bá a mu, ẹ fà á jáde kí ó tó ba rọ́bà inú jẹ́.

Bí gbogbo èyí bá dára tí pọ́ọ̀ǹpù ṣì ń kùn, tí sítíárìn sì ń le, ẹ ní kí mẹkáníìkì fi géèjì wọn agbára epo kó tó tú ohunkóhun. Nọ́ńbà tó bá kà ni kó fi bá ti inú ìwé ọkọ̀ wé, lójú yín.

Ẹ wo inú táyà iwájú méjèèjì nígbà tí ẹ bá wà lábẹ́ ibẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ inú tàbí òde kan bá ti jẹ ju ìyókù lọ, tí ẹ sì ti ń gbọ́ kọ́ mọ́ kín-ín náà, tàbí sítíárìn ní ààyè òfo kó tó gbé táyà, ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kí ẹni náà wá bá yín níbi tó dúró sí. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, tí gírísì sì ti pa á lẹ́nu mọ́, ẹ kọ iye kìlómítà tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lónìí sílẹ̀, kí ẹ tún fa gírísì sí i nígbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì.